Ẹni Tí Abdulfatah Ń Gbé Bọ́ọ̀lù Fún

Olúníyì Ládiípọ̀ kò ga tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ báyìí. Láìpẹ́ yìí, níbi ìkómọ kan ní Mulhuddart nílùú Dublin, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan tí kò fojú kàn án rí ń búra pé ẹsẹ̀ bàtà méje ni, àti pé ó máa ń tẹrí ba kí ó tó lè wọ bọ́ọ̀sì. Èyí kì í ṣe òótọ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́rin ni, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré ìdárayá ní sáà ọdún 2004 sí 2005. Mo ṣì ní ọ̀kan lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan kọ ìtàn ọkùnrin yìí sílẹ̀ dáadáa kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ tó fi àsọdùn bà á jẹ́, nítorí bí ó ṣe rí gan-an ti dùn tó.

Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Láti ilé ìwé girama ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá, tí wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ onírin tó ga ré kọjá orí èèyàn. Nígbà tí ó pé ọmọ ogún ọdún, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì mú un sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n ṣèlérí fún un pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn yóò máa san owó oṣù fún un nítorí bọ́ọ̀lù nìkan. Ọdún náà dé, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Láti ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìyàwó àti ọmọ, ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ń wá láyé: kí ẹnì kan, níbikíbi, kà á sí ẹni tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Òun àti Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ dé Dublin ní ọdún 2000, wọ́n wá tọrọ ibi ìsádi. Ọdún méjì ni wọ́n fi dúró de ìwé, ìjọba kò sì gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Iyìolúwa, ọmọbìnrin wọn. Nígbà tí ìwé jáde, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Tallaght gba Olúníyì sí iṣẹ́ pọ́tà. Òun ni ó ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà, tí ó ń gbé aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Huntstown ni wọ́n ń gbé, ọ̀nà jíjìn gan-an sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ó ráhùn. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń kọrin lábẹ́ ohùn bí ó bá ń tì wọ́n lọ, ó sì máa ń yí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí.

Ẹni tí kò sí ní Dublin láwọn ọdún wọ̀nyẹn kò lè mọ bí afẹ́fẹ́ ìlú náà ṣe rí. Ibi yòówù tí èèyàn bá kọjú sí, kireni ni yóò rí. Lóṣooṣù ni wọ́n ń parí ilé tuntun ní apá ọ̀dọ̀ wa. Tíráàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Tallaght nínú oṣù Kẹsàn-án, àwọn èèyàn sì ń wọ̀ ọ́ láìníbi tí wọ́n ń lọ, wọn yóò dé ìdíkọ̀, wọn yóò tún padà. Ó dà bí ẹni pé ohunkóhun tí èèyàn bá na ọwọ́ sí ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dodder Herons jókòó, tí wọ́n sì pinnu pé líìgì ilẹ̀ Ireland ti kéré fún àwọn. Wọ́n kọ̀wé sí líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ní Britain, ìyẹn náà sì gbà wọ́n fún sáà kan, kí wọ́n fi dán wọn wò. Herons ni orúkọ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fara jọ lékeléke, tí ó máa ń dá dúró sínú odò Dodder bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ náà ni Ruth Geraghty, obìnrin ará Tallaght kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ó kéde pé òun ń wá ọkùnrin gíga kan tí yóò máa dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúnkún ẹni tí wọ́n ní ti bàjẹ́. Olúníyì lọ tààrà láti ibi iṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ pọ́tà lọ́rùn. Ruth bi í ní ọjọ́ orí. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlógójì. Obìnrin náà ní òun ti bi ọkùnrin mọ́kànlá ní ìbéèrè yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, Olúníyì sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò yọ ọdún kankan kúrò. Ó mú un. Nígbà tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé, Ọláníkẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ife sí nílé ìdáná. Ó sọ fún mi pé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ òun mu tíì ju bí ó ṣe máa ń mu lóṣù lọ.

Báyìí ni ìgbé ayé rẹ̀ ṣe yí padà. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ pọ́tà láàárọ̀, ìgbáradì nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, lọ́jọ́ Jímọ̀, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ yóò gbé wọn lọ sí Dún Laoghaire, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Wales, láti ibẹ̀ wọn yóò sì tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú yòówù tí wọ́n bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Físà Britain rẹ̀ ti jáde. Ó máa ń mú lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ dání pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Ó sọ fún mi pé òun gbádùn kí àwọn òṣìṣẹ́ etí omi bi òun ní iṣẹ́ òun, nítorí ìdáhùn rẹ̀.

Inú ẹgbẹ́ náà ni ó ti pàdé Abdulfatah Ògúntádé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, ọmọ Husainat, opó kan tó ń tún aṣọ rán ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ilé ìtajà ńlá Tallaght. Àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí mọ obìnrin náà sí ẹni tó tọ́ ọmọ rẹ̀ dójú àmì. Abdulfatah ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kí wọ́n tó kúrò ní Abẹ́òkúta, nítorí náà kì í ṣe irú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá tí wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin dáhùn. Ní ọjọ́ tí Olúníyì kọ́kọ́ wá sí ìgbáradì, ọ̀dọ́kùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, lórí kọnkéré tó tutù. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ireland rò pé òòyì ló kọ́ ọ, ó sì sáré lọ gbé omi wá.

Ní ti ọwọ́ Abdulfatah nínú bọ́ọ̀lù jíjù, n kò rí irú rẹ̀ rí, mo sì ti wo eré ìdárayá láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé. Láti òkèèrè, níbi tí jíjù kan ti máa ń mú póìǹtì mẹ́ta wá, yóò ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yóò sì bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ láìfara kan irin. Nígbà ìgbáradì, nínú ìgbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́jọ ni yóò wọlé. Ruth kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Torí ọwọ́ yìí ni ó ṣe gbà á.

Sáà bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, ayọ̀ sì ni fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní gbọ̀ngàn Tallaght, ìlà kẹta àti ìkẹrin lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ ti àwa Yorùbá: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ takisí, àwọn ará mọ́ṣáláṣí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jókòó pọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bèèrè. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ òfin eré náà. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ bí rẹfirí bá fọn fèrè, ohun yòówù kí ó fọn ọ́ sí. Ọkùnrin ará Ireland àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú wa sọ pé láti ogójì ọdún tí òun ti ń wo eré náà, òun kò tíì gbádùn irú craic, ìyẹn fàájì, báyìí rí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá sì dùn mọ́ wa nínú. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ Abdulfatah, yóò gbé orí sókè, yóò wá Olúníyì, yóò sì gbé e fún un. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ́kùnrin yìí yóò dá wà, kò ní sí ọ̀tá kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò ṣì dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olúníyì yóò gbà á lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, yóò yí, yóò sì sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ìlà kẹta àti ìkẹrin yóò dìde. Wọn yóò yin ẹni tó sọ ọ́ wọlé, ṣùgbọ́n wọn yóò yin ẹni tó gbé e fún un jù ú lọ. Wọ́n ń sọ pé ọmọ tó mọ àgbà nìyẹn, pé Husainat kú iṣẹ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí èyí wà nínú àkọsílẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn náà, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé àwọn ti rí i tipẹ́ pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ.

Olúníyì wá di ẹni ńlá. Ó ju póìǹtì mọ́kànlélógún sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá. Ìwé ìròyìn àdúgbò gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọdé. Nílé ìwòsàn, ìyá arúgbó kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún kọ̀ láti lọ àfi tí ó bá jẹ́ Olúníyì ni yóò tì í. Ọkùnrin tí wọ́n ti sọ fún lẹ́ni ogún ọdún pé kí ó dúró di ọdún tó ń bọ̀ ti wá dé inú ọdún náà níkẹyìn, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí wọ́n ṣèlérí.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Ruth pè é sínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ó tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. Ó ní òun ti ń ka gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ Abdulfatah. Nínú ogún ìgbà, ìgbà mẹ́rìndínlógún ni ó ń gbé e fún Olúníyì. Bí Olúníyì bá jókòó sí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà a máa ju bọ́ọ̀lù, a sì máa wọlé. Bí Olúníyì bá ti wọ pápá, kò ní jù ú mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù ti wá mọ̀ ọ́n, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ń fi sọ́ Olúníyì báyìí, ìdí nìyẹn tí àwọn Herons fi fìdí rẹmi nígbà márùn-ún léra wọn. Ruth béèrè bóyá ìjà wà láàárín wọn, tàbí bóyá Olúníyì ń dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti rí ajùbọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà. Ipò kan ṣoṣo ló wà. Bí ìparí oṣù Kejì bá dé tí Abdulfatah kò bá tíì máa ju bọ́ọ̀lù, wọn yóò dá a sílẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, ará Amẹ́ríkà yóò sì wá.

Olúníyì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Kò rí ohun tí obìnrin náà ń sọ. Ó bi Abdulfatah bóyá inú ń bí i sí òun. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò mọ̀. Olúníyì wá gbà pé àwọn òyìnbó ló ní ìṣirò tiwọn.

Ilé Husainat ni ojú rẹ̀ ti là, lọ́jọ́ Iléyá. Obìnrin náà pe ìdílé Ládiípọ̀ wá jẹun gẹ́gẹ́ bí àwa Mùsùlùmí ṣe máa ń pe àwọn onígbàgbọ́ wá sí ọdún wa. Wọ́n gbé àwo ìrẹsì kan fún àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọ́n to ẹran sórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì fọ ọwọ́. Ni Olúníyì bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa eré tí wọ́n gbá ní Ìlọrin nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ìtàn náà sì gùn. Ó ń fi ọwọ́ tó fọ̀ yẹn júwe bí wọ́n ṣe sáré àti bí wọ́n ṣe fò. Ọláníkẹ́ ń wo Abdulfatah. Ọmọ náà jókòó tààrà, ọwọ́ rẹ̀ tó tutù wà lórí orúnkún, ojú rẹ̀ sì ń bọ́ sórí ẹran tí ó tún ń kúrò níbẹ̀.

“Bàbá Iyìolúwa,” Ọláníkẹ́ ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹran kan kí ẹ tó dé Ìlọrin. Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ.”

Olúníyì wo àwo. Ó bi ọmọ náà ní ìdí tí kò fi jẹun látìgbà náà.

“Ẹ ò tíì mú, sà,” Abdulfatah wí.

Ohun tí ó sọ kò ju ìyẹn lọ, kò sì sí ẹni tó jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú yàrá náà tí yóò rí ohun àjèjì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Ìlọrin dúró níbẹ̀, kò sì parí títí dòní. Olúníyì mú ẹran, ọmọ náà náà mú tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ń sáré láti àárọ̀. Olúníyì ń wo ọwọ́ ọmọ náà.

Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń padà sí Huntstown, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀: ohun tí Ruth sọ, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọ Husainat, àti ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ọláníkẹ́ ni ó ń wa mọ́tò. Ó ní ó dáa, kí wọ́n sọ fún ọmọ náà kí ó máa jù ú. Lẹ́yìn náà ó bi í bóyá ó mọ̀ pé bí ọmọ yẹn bá bẹ̀rẹ̀, kò ní sí póìǹtì mọ́kànlélógún mọ́, kò sì ní sí àwòrán nínú ìwé ìròyìn.

“Mo mọ̀,” Olúníyì wí. “Èyí tí mo ti ya, ó tó gbé kọ́ sára ògiri.”

Olúníyì bá Abdulfatah sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ní kí ó máa ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe wo ojú òun. Abdulfatah dúpẹ́ gidigidi. Ó sì lọ sórí pápá lọ́jọ́ kejì, ó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlógún. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìwà rere lásán ni, bí ìgbà tí ẹni tó ń jẹun bá sọ pé kí ẹni tó wọlé wá bá òun jẹ, tí ẹni náà yóò sì dáhùn pé òun ti yó. Olúníyì tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ mìíràn, ó sì tún gba ọpẹ́. Oṣù Kejì ń lọ. Eré kan ṣoṣo ló kù kí ó tó parí, ní Tallaght, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ bá Husainat ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin náà ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan kúrú. Olúníyì jókòó sórí àpótí, ó ro ẹjọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun sọ fún ọmọ rẹ̀. Husainat gé òwú, ó gbé ṣòkòtò náà sílẹ̀.

“Èmi ni mo kọ́ ọ,” ó ní. “Mi ò lè wá sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin gan-an lẹ ò ṣe é dáadáa, Bàbá Iyìolúwa. Ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ṣé ẹ rò pé ó máa gbà pé ẹ fẹ́ ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu? Ẹ pàṣẹ fún un. Tí ẹ bá pàṣẹ, kò ní lè kọ̀ ọ́. Mo kọ́ ọ ní ìyẹn náà.”

Ẹgbẹ́ kan láti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Àwa tí a wà ní ìlà kẹta ti gbọ́ pé ìwé ọkọ̀ òfuurufú ará Amẹ́ríkà náà ni ó kù tí wọn yóò rà, nítorí náà ariwo wa kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Husainat jókòó láàárín wa, ó ká ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sórí báàgì. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì eré, àwọn àlejò ti fi póìǹtì méjìlá ṣíwájú. Abdulfatah ti ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí wọ́n ṣe padà sórí pápá, ohun kan náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà gba bọ́ọ̀lù, ó dá wà, ó gbé e fún Olúníyì láàárín ọ̀tá mẹ́ta, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ruth ní kí wọ́n dá eré dúró fún ìṣẹ́jú kan. Kí obìnrin náà tó la ẹnu, Olúníyì ti kọjá níwájú rẹ̀. Ó dúró lé Abdulfatah lórí, kò sì sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ dé ìlà kẹta.

“Abdulfatah, gbọ́ mi. Mi ò bẹ̀ ọ́ mọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá tún kúrò lọ́wọ́ rẹ wá sọ́dọ̀ mi lónìí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Apẹ̀rẹ̀ ni kí o máa wò. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

“Kí ni mo ní kí o máa wò?”

“Apẹ̀rẹ̀, sà.”

Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó kù ti dìde, wọ́n rò pé ìjà ti dé. Ruth bi í ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Olúníyì ní kò sí nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ grand. Mo wo Husainat. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Abdulfatah jù kò wọlé. Ó ba irin, ó sì ta dànù. Ọmọ náà yíjú pa dà sí Olúníyì bí ẹni tó fọ́ ife níwájú àlejò. Olúníyì ti kẹ́yìn sí i, ó ń sáré lọ sí ẹ̀yìn pápá láti lọ dènà. Kò sí ojú tí ọmọ náà lè wò. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún dé, ó jù ú, ó wọlé. Ó tún jù ú, ó tún wọlé. Lẹ́yìn ìkẹrin, àwọn àlejò fa ẹnì kan kúrò lára Olúníyì kí ó lọ sọ́ ọ, lẹ́yìn ìkẹfà wọ́n tún fa ẹnì kan sí i, kò sì yàtọ̀. Ọkùnrin ará Ireland tó wà níwájú wa yọ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ìlà kẹta àti ìkẹrin, tí wọ́n ti fi oṣù márùn-ún pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò yẹ, wá rí ohun tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, wọ́n sì fi ariwo rẹ̀ san gbogbo ẹ̀yìn.

Nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kù, àwọn Herons fi póìǹtì méjì wà lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Abdulfatah, ọ̀tá méjì sì wà níwájú rẹ̀. Lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, Olúníyì dá wà. Ẹni kan tó kù lára rẹ̀ náà ti sáré kúrò, kò sẹ́ni tó ń sọ́ ọ mọ́. Kò tíì rí irú ààyè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo sáà náà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀, mo rò pé kò tilẹ̀ mọ̀, ó sì pe orúkọ ọmọ náà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ìlà kẹta kan, tí wọ́n ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ń kígbe pé kí ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Abdulfatah ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó gba orí ọ̀tá méjèèjì kọjá, ó sì bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ láìfara kan irin.

Póìǹtì mẹ́ta. Àwọn Herons fi ẹyọ kan borí. Àwọn èèyàn sọ pé póìǹtì ogójì ni ọmọ náà jù lọ́jọ́ yẹn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Méjì ni ti Olúníyì, láti ìdajì àkọ́kọ́. Bí mo sì ti ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tí ó nà wọ́n sí, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fara ti òpó apẹ̀rẹ̀.

Mo ti sọ̀ kalẹ̀ dé etí pápá nígbà tí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń mí gúlegúle, ẹ̀rù sì ń bà á.

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá Níyì. Mo rí yín.”

“O rí mi?”

“Mo rí yín, sà. Ẹ dá wà.”

“O rí mi, mo pè ọ́, o ò sì gbé e fún mi?”

Abdulfatah wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Apẹ̀rẹ̀ ni mò ń wò.”

Olúníyì gbá a mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀ pátápátá, ó sì ń ké sí Ruth pé kí ó wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ. Obìnrin náà dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábẹ́ apá. Olúníyì gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ fún un, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ruth wo àwọn méjèèjì, ó ṣí ìwé náà, ó fi bírò fa igi la orúkọ ará Amẹ́ríkà náà, ó sì sọ fún Abdulfatah pé ìgbáradì di aago mẹ́fà ọjọ́ Ajé, kí ó má ṣe pẹ́.